Ọyẹ́ Wọ Àjà Kẹtàdínlógún

"Màmá, kí ló wà lábẹ́ ìró yín?"

Lífíìtì ló bèèrè. Àwẹ̀ró kò wo ojú rẹ̀, nítorí ohun tí kò lójú, ibo lèèyàn fẹ́ wò lára rẹ̀? Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn mú, ó ní:

"Oyún ni."

Lífíìtì ní: "Màmá, àkọsílẹ̀ fi hàn pé ẹ ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin."

"Ta ló ní kí o máa ka ọjọ́ orí ọlọ́jọ́ orí? Gbé mi ròkè jàre, kí omi mi má lọ já sínú rẹ. Kí wọ́n tó rán ẹni tí yóò nù ún, ọmọ náà yóò ti máa rìn."

"Ẹ kú oríire, Màmá," ni lífíìtì wí. Wọn kò kọ́ ọ ní àwàdà, ìkíni nìkan ni wọ́n kọ́ ọ. Ó sì gbéra.

Lára ilẹ̀kùn lífíìtì náà ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sí, lẹ́tà wúrà gàdàgbà: ẸNI TÓ LÈ MÚ ÒDÒDÓ TANNÁ LÓ LÈ DÁ GBÉ. Àwẹ̀ró ti ka ọ̀rọ̀ yìí láàárọ̀ lálẹ́ fún ọdún mẹ́rin, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò pòṣé sí i. Ti òní gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní àjà kẹsàn-án, kò tán títí ilẹ̀kùn fi ṣí ní àjà kẹtàdínlógún.

Ìkòkò òdòdó ọ́kíìdì ni oyún náà. Ti Bàbá Lámídì ni, aládùúgbò rẹ̀. Òfin Ilé Gíga Ṣakí, tí ìjọba kó àwọn àgbà sí, ni pé òdòdó kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú yàrá olówó rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta gbáko ni Àwẹ̀ró ti fi ń gbé e jáde lábẹ́ ìró ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń gbé e wọlé láàárọ̀. Òní sì ni ọjọ́ Ìwòdòdó. Nígbà tí ó bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó rí àwọn Àga tí wọ́n ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mẹ́sàn-án, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí ń dá rìn bí ewúrẹ́. Ìgbànú wọn ti ṣí sílẹ̀. Ẹni mẹ́sàn-án tí oṣù mẹ́fà wọn pé láìsí ìtànná ni wọn yóò gbé lọ sí Ìsàlẹ̀ lónìí.

Ó yà sí ilé Bàbá Lámídì láì kan ilẹ̀kùn.

Bàbá náà jókòó létí ibùsùn, ó ti wọ bàtà, ó ti dé fìlà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, mọkáníìkì ọkọ̀ ńlá ni nígbà ayé ọkọ̀ ńlá. Báàgì kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti dì í pa.

"Kí ni báàgì yìí ń ṣe níbí?" ni Àwẹ̀ró bèèrè.

"Àwẹ̀ró, ẹni tó ń retí ọkọ̀ kì í dúró kí ọkọ̀ dé kó tó di ẹrù."

"Ọkọ̀ wo? Ọkọ̀ Ìsàlẹ̀? Ibi tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ bu oúnjẹ sí èèyàn lẹ́nu bí ẹni ń bọ́ ọmọ ẹyẹ? Ẹ tú ẹrù yẹn kí n tó tú u fún yín!"

Ògiri tan iná róbótó kan. "Bàbá Lámídì," ni ó wí, ohùn rẹ̀ dùn bí ti ìyàwó ọ̀ṣìngín, "ohùn kan ga nínú yàrá yín. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àdúrà la fẹ́ gbà," ni Àwẹ̀ró dáhùn, ó tún fẹ imú rẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀mí ń gùn bọ̀.

"Mo di etí mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí Ọlọ́run gbọ́." Iná náà kú.

Ẹ̀tọ́ kan ṣoṣo tí àwọn àgbà Ilé Gíga rí gbà lọ́wọ́ ìjọba nìyẹn, pé Ẹnu-Ògiri kò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tí èèyàn bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ sọ. Láti ọjọ́ náà, kò tún sí ilé tí wọ́n ti ń gbàdúrà tó bẹ́ẹ̀ láyé. Wọ́n ń fi àdúrà sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Wọ́n ń fi àdúrà fẹ́ ara wọn. Ìyá kan ní àjà kẹrìnlá fi àdúrà pọn ọtí fún oṣù mẹ́jọ.

Àwẹ̀ró gbé ìkòkò náà kalẹ̀ lórí tábìlì. Ewé márùn-ún ló ní, wọ́n nípọn, wọ́n ń dán. Láàárín wọn ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti yọrí, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja, ìrúdí mẹ́rin sì so mọ́ orí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹ̀pà oníhóró méjì. Gbogbo wọn pa ẹnu dé pinpin.

Bàbá Lámídì sún mọ́ ọn. Ó wò ó, ó wò ó, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lẹ́nu bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ-ọmọ hàn. "Ó rúdí! Àwẹ̀ró, ó rúdí lóòótọ́!"

"Ó rúdí, kò tanná. Ọjọ́ mẹ́rin sí i ló kù ú kù. Ọjọ́ mẹ́rin péré! Tí kì í bá ṣe oṣù méjì tí mo fi wo àrùn tí ẹ kó sí i lára..."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀."

"N ó ṣe máà bẹ̀rẹ̀? Ife omi kan láràárọ̀! Ife kan! Mo fa òdòdó yìí jáde nínú ìkòkò, gbòǹgbò rẹ̀ ń rùn bí omi ẹ̀gẹ́."

"Àlejò ni wọ́n gbé wá bá mi," ni Bàbá Lámídì wí, ó sì jọ pé ó dun ún dọ́kàn. "Nílé bàbá tó bí mi, a kì í jẹ́ kí àlejò jí kí a má bu omi fún un."

"Àlejò yìí, orí igi ni ilé rẹ̀! Afẹ́fẹ́ ló ń mu. Mo ti sọ fún yín, ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀: tó bá funfun bí eérú, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tó bá tutù bí ewé, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ wá rin ín mọ́lẹ̀ bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀."

"Ẹ̀rọ agbálẹ̀ wọn náà ńkọ́? Òun ló gé ọ̀pá àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí òdòdó rẹ̀ rẹ̀."

Àwẹ̀ró kò lè jiyàn èyí. Ní gbogbo yàrá ni ẹ̀rọ agbálẹ̀ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òdòdó bá ti já, yóò fi abẹ gé ọ̀pá rẹ̀ ní ìdí, kí ilé lè mọ́. Bí wọ́n bá fi oríkèé méjì sílẹ̀ lára ọ̀pá náà, ẹ̀ka mìíràn lè yọ níbẹ̀. Ta ni yóò sọ fún ẹ̀rọ? Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ṣe ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ṣe òfin, kò sì sí èyí tó ti gbin ewúro rí nínú wọn.

Àwẹ̀ró kò ka ìwé òdòdó kankan. Ọmọdé ni, lóko bàbá rẹ̀ lẹ́bàá Ògbóòro, nígbà tí ó ti kọ́kọ́ rí ọ́kíìdì lórí igi àràbà. Kò sẹ́ni tó gbìn ín, kò sẹ́ni tó bomi rin ín, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti jẹ àwọn èèyàn létè tán, òdòdó á bo ẹ̀ka náà. Nígbà tí wọ́n kó o wá sí Ilé Gíga, tí wọ́n gbé ọ́kíìdì ìjọba fún un, mẹ́ta ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà tí kò tíì sí òfin oṣù mẹ́fà, kí ó tó rántí ẹ̀ka àràbà náà. Ó dìde lọ́jọ́ náà, ó wo nọ́ńbà tó wà lára ògiri. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó tún wò ó nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ní oṣù kẹjọ, ní oṣù kìíní, ìwọ̀n ooru kan náà, láìyẹ̀, nítorí oòrùn ìta ti ya wèrè tipẹ́, ìjọba sì ti pinnu pé ara àgbà kò gbọdọ̀ mọ òtútù mọ́.

Òdòdó tí òtútù alẹ́ kò bá bù jẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ọdún ti yí? Wọ́n so ẹṣin lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n wá dúró síbi ìparí eré ìje, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí kò sáré. Ìwé méje ni Àwẹ̀ró kọ sí ọ́fíìsì wọn nípa rẹ̀. Èsì méje ló gbà, ọ̀rọ̀ kan náà: A ti rí ìwé yín gbà, ẹ kú iṣẹ́. Ni ó bá fi wọ́n sílẹ̀, ó wá ibi tí gíláàsì ti fọ́ lórí àtẹ̀gùn àjà kẹsàn-án, níbi tí ọyẹ́ ti ń ráyè wọlé, ó sì sọ ibẹ̀ di àràbà.

"Ẹ gbọ́," ni ó wí nísinsìnyí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tèmi ti tanná. Márùn-ún. Ìkòkò ni nọ́ńbà wọn wà lára rẹ̀, kò sí lára ewé. Ká fa tèmi yọ, ká kì í bọ inú ìkòkò yín, ká fi tiyín sínú tèmi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni."

"Kí wọ́n wá gbé ìwọ lọ?"

"Èmi á bá wọn jà."

"O ti ní ìkìlọ̀ kan lọ́rùn, láti ọjọ́ tí o pe ọ̀gá wọn ní olórí ẹja."

"Orí rẹ̀ kò jọ ti ẹja ni?"

"Ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní jókòó síbí, kí n máa fi ojú fèrèsé ṣe fàájì, kí ìwọ wà lábẹ́ ilẹ̀ nítorí tèmi. Láéláé. Àwẹ̀ró, òfin ni òfin."

"Ẹ má pe òfin sí mi létí!" Ohùn rẹ̀ já. "Nígbà tí Àjíkẹ́ àbúrò mi ń ṣàìsàn ní àjà kejìlá, tí mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kó lọ bá a, kí ni òfin wí? Páìpù yàrá mi bẹ́. 'A kì í kó olùgbé kúrò nínú yàrá tó lábùkù títí a ó fi tún un ṣe tán.' Oṣù mẹ́ta! Nítorí páìpù tí kò gùn tó apá mi! Ọjọ́ tí wọ́n gbé páìpù dé ni wọ́n gbé Àjíkẹ́ jáde nínú aṣọ funfun. Ẹ má pe òfin sí mi létí, Bàbá Lámídì."

Bàbá Lámídì na ọwọ́, ó gbá a léjìká pẹ́pẹ́.

Iná ògiri tàn. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pé. Àmín," ni Ẹnu-Ògiri wí. Ilẹ̀kùn sì ṣí.

Obìnrin kan ló wọlé, kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé lọ́rùn, dígí pẹlẹbẹ lọ́wọ́. Dúródọlá ni orúkọ tó wà ní àyà rẹ̀. Àga kan ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún kó-kó-kó.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ káàárọ̀, Màmá. Màmá, mo ti yà ní yàrá yín. Ìtànná márùn-ún, ó dára púpọ̀. Ẹ ní ọdún kan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síbẹ̀."

"Mo wá kí aládùúgbò mi. Àbí ìyẹn náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

Dúródọlá na dígí náà sí ìkòkò Bàbá Lámídì. Dígí dún pín-ín. "Ìrúdí mẹ́rin," ni ó kà. "Ìtànná, kò sí."

"Ọjọ́ mẹ́rin ló kù ú kù," ni Àwẹ̀ró wí.

"Oṣù mẹ́fà tí òfin fún Bàbá pé lónìí, Màmá."

"Ìwọ ọmọ yìí, wo nọ́ńbà ara ògiri yẹn kí o kà á fún mi."

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Lálẹ́ ńkọ́?"

Dúródọlá gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Màmá, mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ pé kò lè tanná nínú ilé yìí. Ogójì yàrá ló wà ní àjà yìí, tiyín nìkan ló tanná nínú gbogbo wọn. N kò bi yín bí ẹ ṣe ṣe é. Ẹ má sì sọ fún mi."

Ṣé ẹ rí i, bó bá ṣe pé kò mọ̀ ni, inú Àwẹ̀ró ì bá rọ̀ díẹ̀. Aláìmọ̀kan kì í jẹ̀bi tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀, tó ń fi dígí ka ìrúdí bí ẹni ń ka òkú!

"O mọ̀," ni ó wí, ó ń lọ bá a ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. "O mọ̀, o sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgbàlagbà mọ́kàndínlógójì ya ọ̀lẹ lọ́jọ́ kan náà?"

"Ohun tí wọ́n ní kí n kọ ni mo ń kọ. Ó wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ òfin náà, Màmá: ẹni tí kò lè dá gbé, àfòmọ́ ni. Àfòmọ́ kò sì légbò, igi gbogbo ní í bá tan."

"Àfòmọ́!" Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó le ju igbe lọ. "Wò ó, ìwọ tó o ní dígí. Gbòǹgbò nìyí, gbòǹgbò nìyí, gbòǹgbò nìyí! Wọ́n ń rákò jáde nínú ìkòkò nítorí pé wọn kò fẹ́ ibi tí ẹ há wọn mọ́. Orí igi ni nǹkan yìí ń gbé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í mu omi ara igi. Kò jí ohun tí igi ń jẹ. Ibi tó dúró sí nìkan ni ó gbà. Bàbá yìí tún ọkọ̀ tó kó bíríkì ilé yìí ṣe! Ta ni àfòmọ́ níbí? Ta ló ń bá igi tí kò gbìn tan?"

"Àwẹ̀ró, ó tó," ni Bàbá Lámídì wí jẹ́jẹ́.

Àga ti dé iwájú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ, kí ó lè bọ̀wọ̀ fún àgbà. "Ẹ jókòó, Bàbá," ni ó wí. "Ẹ fara balẹ̀. Ìsàlẹ̀ tura."

Bàbá Lámídì gbé báàgì rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ Àga. Ó tú ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ó yọ ohun kan tó wé sínú àkísà, ó nà án sí Àwẹ̀ró. "Wọn kò gba irin láyè ní Ìsàlẹ̀. Bá mi tọ́jú rẹ̀."

Sípánà ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tú ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó wúwo lọ́wọ́ Àwẹ̀ró bí ọmọ tuntun.

Ó dúró. Bí ó bá dákẹ́, ọdún kan gbáko ló ní nínú yàrá rẹ̀, pẹ̀lú òdòdó márùn-ún rẹ̀ àti ojú òkè Ṣakí láti fèrèsé. Kò sẹ́ni tí yóò dá a lẹ́bi. Bàbá Lámídì fúnra rẹ̀ kò ní dá a lẹ́bi, ohun tó sì dùn ún jù nìyẹn. Ó wo bàtà tí bàbá náà fi pólíìṣì dán gbinrin nítorí ibi tí kò ní ilẹ̀ tí èèyàn ń rìn lé. Ó wo Àga tó kúnlẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, èyí tó ti fi ìbínú sọ nígbà àdúrà, ó ń padà bọ̀ wá bá a láti ara ògiri.

A kì í kó olùgbé kúrò nínú yàrá tó lábùkù.

"Bàbá Lámídì," ni ó wí, "ẹ yà kúrò níbẹ̀."

Ó kọjú sí fèrèsé, ó gbé sípánà lókè, ó sì gbá a.

Ẹ̀ẹ̀kíní, gíláàsì fò sẹ́yìn bí ìlù, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà.

"Igun ni!" ni Bàbá Lámídì kígbe, iṣẹ́ àtijọ́ sì ti dìde nínú rẹ̀ kí ó tó mọ̀. "Má gbá àárín! Igun ìsàlẹ̀!"

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó là kẹ̀ẹ̀kẹ̀ láti igun dé igun, ó sì tú síta sínú àwọ̀n irin tí wọ́n fi ń dènà àdán. Ọyẹ́ wọlé. Ó wọlé pẹ̀lú eruku, pẹ̀lú òórùn koríko tó jóná, ó gbé etí aṣọ ibùsùn sókè, ó ṣí ìwé tó wà lórí tábìlì. Bàbá Lámídì la ẹnu, ó mí in sínú bí ẹni mu omi.

"Ìwọ̀n ooru, márùndínlọ́gbọ̀n," ni Ẹnu-Ògiri ń pariwo. "Mẹ́tàlélógún. Mọ́kànlélógún."

"Ẹnu-Ògiri!" ni Àwẹ̀ró ké mọ́ ọn. "Yàrá yìí lábùkù àbí kò lábùkù?"

"Ó lábùkù, Màmá."

"Kí ni òfin wí?"

"A kì í kó olùgbé kúrò nínú yàrá tó lábùkù títí a ó fi tún un ṣe tán."

"Ìgbà wo lẹ máa tún un ṣe tán?"

"Gíláàsì ń bọ̀ láti òkè òkun. Èyí tí a béèrè fún àtẹ̀gùn àjà kẹsàn-án ti pé oṣù méje lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù."

Àga gbọ́. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó da báàgì Bàbá Lámídì sílẹ̀.

"Màmá," ni Dúródọlá wí. "Ẹni tó bá fọ́ gíláàsì, Ìsàlẹ̀ ni. Lónìí náà. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Àga ti yí ojú sí Àwẹ̀ró, tó sì kúnlẹ̀. "Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ fara balẹ̀."

"N ó jókòó," ni Àwẹ̀ró wí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé yàrá mi."

Ó rìn kọjá lára Àga mẹ́jọ tó kù ní ọ̀ọ̀dẹ̀, sípánà lọ́wọ́. Dúródọlá tẹ̀lé e. Nínú yàrá rẹ̀, òdòdó márùn-ún náà wà lórí ọ̀pá wọn, wọ́n funfun báláú, ọ̀fun wọn pọ́n bí osùn. Ọdún méjì ló fi wá wọn. Ọyẹ́ tó ń pe ọ̀pá tuntun jáde, òun náà ní í gbẹ òdòdó tó ti là. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo wọn á ti já. Àwẹ̀ró mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó dúró síwájú wọn títí ojú fi ń ta á.

Lẹ́yìn náà, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó fi ọtí nu ẹnu rẹ̀. Ó ka oríkèé ọ̀pá náà láti ìsàlẹ̀, ọ̀kan, èjì, ó sì gé e díẹ̀ lókè èkejì. Ó nà án sí Dúródọlá.

"Gbà. Nítorí pé o mọ̀. Kí o lè máa rí ohun tí o mọ̀."

Ọmọbìnrin náà gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àwẹ̀ró gbé ìkòkò rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí afẹ́fẹ́ má baà wó o. Ó padà sídìí fèrèsé, ó sì gbá igun ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Yàrá tèmi ńkọ́?" ni ó bèèrè nínú eruku.

"Ó lábùkù, Màmá," ni Ẹnu-Ògiri wí.

Nígbà tí ó jáde, ilẹ̀kùn ti ṣí káàkiri ọ̀ọ̀dẹ̀. Orí àgbà ń yọ, wọ́n dé fìlà, wọ́n wé gèlè, àwọn mìíràn fi ọ̀pá tilẹ̀. Wọ́n ń gbóòórùn. Ẹlòmíràn nínú wọn kò tíì gbóòórùn ọyẹ́ láti ọdún mẹ́wàá. Bàbá Lámídì ló ṣíwájú wọn, bàtà rẹ̀ ń dán. Àwọn mẹ́jọ tó di ẹrù láàárọ̀ náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ wọn ti nà.

Àwẹ̀ró gbé sípánà lé ọwọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù.

Gbogbo iná ara ògiri tàn lẹ́ẹ̀kan náà. "Ohùn púpọ̀ ga ní àjà kẹtàdínlógún. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àdúrà la fẹ́ gbà!" ni wọ́n dáhùn, àgbà bí ogún, ohùn kan.

Ojú Àwẹ̀ró lọ sára Dúródọlá. Òun náà lè sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu rẹ̀, Ẹnu-Ògiri kò ní gbọ́ ti àdúrà kankan. Ọmọbìnrin náà wo òdòdó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ki dígí rẹ̀ bọ àpò, ó sì tẹ orí ba.

"Àmín," ni ó wí.

"Mo di etí mi," ni Ẹnu-Ògiri wí. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí Ọlọ́run gbọ́."

"Igun ìsàlẹ̀ o!" ni Bàbá Lámídì ń kígbe. "Ẹ má gbá àárín!"